Ẹ̀rọ Inú Àyà, Iná Inú Tíátà

Àgbà ló sábà ń gbé pésìmékà, ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, láyà. Àgbà náà ni próstéètì ń dá lóró, àgbà ni ìpá ń yọ lẹ́nu, àgbà ló sì ń ṣubú tí eegun itan rẹ̀ fi ń kán. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà lónìí lè tún wọ tíátà lọ́la fún nǹkan mìíràn, kò sì dájú pé ilé-ìwòsàn tó fi ẹ̀rọ náà sí i ni yóò ṣe iṣẹ́-abẹ yẹn. Ó lè jẹ́ Èkó, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù tàbí ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti fi sí i, kó sì jẹ́ pé Ìlọrin ni yóò ti la ìpá. Dókítà tó máa la ìpá náà lè ti ṣe irú rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láìrí ẹyọ ẹnì kan tó ní bátìrì láyà nínú wọn. Aláìsàn yẹn ni mo kọ orí yìí fún, àti àwọn ọmọ tó máa mú un lọ, àti nọ́ọ̀sì tó máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní láti sọ, gbogbo ìyókù ló so mọ́ ọn. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń fi sí àyà, ohun tó sì ń dáàbò bo ẹni tó ní èkínní lórí tábìlì iṣẹ́-abẹ kò tó fún ẹni tó ní èkejì. Bí àwọn tó wà nínú tíátà kò bá mọ èyí tó wà lábẹ́ awọ aláìsàn, àbá lásán ni ààbò yòówù tí wọ́n bá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn fúnra rẹ̀. Ọkàn ní iná tirẹ̀. Lókè, lápá ọ̀tún, ibì kékeré kan wà tí iná yìí ti ń ṣẹ́ wá ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Iná náà á gba ojú ọ̀nà tóóró kan sọ̀kalẹ̀ sí ìyàrá ìsàlẹ̀, ìyàrá yẹn á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì jáde lọ sí gbogbo ara. Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà yìí lè gan, kó sì dí pátápátá. Nígbà náà ni ìyàrá ìsàlẹ̀ á máa dá lu fúnra rẹ̀, ní ìgbà 30 tàbí 40 péré ní ìṣẹ́jú kan. Á máa rẹ ẹni náà, òòyì á máa kọ́ ọ, á sì máa dákú lójijì, á tún jí. Nílé wa, wárápá ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ pè é. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí pé dídi ọrùn-ọwọ́ aláìsàn mú fún ìṣẹ́jú kan, kí a ka ìlù ọkàn rẹ̀, lè fi ọ̀nà hàn nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń wá ẹni tó ṣe é.

Àrùn yìí ni pésìmékà wà fún. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ń lu ọkàn tọ̀sán-tòru láìdákẹ́, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Iṣẹ́ elégbè nínú orin dàdàkúàdà ló ń ṣe: bí olórin bá ń kọ ọ́ lọ, elégbè á panu mọ́, á sì máa tẹ́tí, bí olórin bá dákẹ́, elégbè á gbé e. Ohùn tí ẹ̀rọ yìí ń tẹ́tí sí kéré jọjọ. Iná ọkàn tó ń dé ẹnu wáyà rẹ̀ nínú ìyàrá ìsàlẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílífóòtì 5 sí 15, nígbà tí ẹyọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ mílífóòtì 1,500. Etí tó lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ariwo mìíràn pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni wàhálà inú tíátà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Àpò pẹlẹbẹ onírin titanium ni, bátìrì lithium inú rẹ̀ sì lè lò tó ọdún 7 sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ awọ, nísàlẹ̀ eegun èjìká iwájú, ni wọ́n máa ń fi í sí, wáyà rẹ̀ á sì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn. Iná tí wọ́n bá mú ní àdúgbò kò kàn án. Ní Stockholm, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ni dókítà Åke Senning fi èyí àkọ́kọ́ sí ara Arne Larsson. Rune Elmqvist, ẹnjiníà, ló ṣe é. Wákàtí mélòó kan péré ló fi ṣiṣẹ́ kó tó dákẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Larsson lo ẹ̀rọ tó lé ní 20 kó tó kú ní ọdún 2001 lẹ́ni ọdún 86, lẹ́yìn tí dókítà àti ẹnjiníà náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ ló tún ń padà sórí tábìlì iṣẹ́-abẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni pésìmékà àti tíátà ti jọ ń rìn.

Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ìtàn yìí tó jẹ́ pé inú tíátà ló wà, kì í ṣe inú àyà, ó sì ju pésìmékà lọ́jọ́ orí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1926, ní ìlú Boston, Harvey Cushing fẹ́ yọ kókó kan ní orí aláìsàn kan, kókó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé yọ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. William Bovie, tó jẹ́ pé ìmọ̀ nípa ewéko ló gboyè nínú rẹ̀, gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná gé ẹran, tó sì ń fi í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kókó náà jáde. Ẹ̀rọ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ tíátà wa ń pè ní dáyátámì, ó sì ṣòro láti rí tíátà ńlá kan lónìí tí kò sí níbẹ̀. N kò kọ ọ́ láti bà á lórúkọ jẹ́. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ tí a máa fà síni lára ti ṣòro láti rí, ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì jẹ́ ọ̀rẹ́ aláìsàn.

Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti dáyátámì lé ní ìgbà 300,000. Ìyára yìí ni kò jẹ́ kó gbọn ẹran ara tàbí kó dá ọkàn dúró bí iná ilé ṣe lè ṣe. Ooru nìkan ló ń dá sílẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kan ara. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó. Nínú ọ̀nà kan, iná á ti ẹnu ohun tó wà lọ́wọ́ dókítà wọ ara, á la ara kọjá, á sì jáde síbi pléètì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ itan tàbí ìdí aláìsàn. Nínú ọ̀nà kejì, ẹ̀mú oníka méjì ni, iná á wọlé láti ìka kan, á jáde ní ìka kejì, kò sì ní rìn ju ìwọ̀nba ẹran tó wà láàárín wọn lọ. Ọ̀nà kejì yìí kì í sábà ní pésìmékà lára. Èkínní ni kí a ṣọ́ra fún.

Nígbà tí iná onípléètì bá ń la ara kọjá nítòsí àyà, elégbè wa á gbọ́ ariwo, á sì rò pé olórin ló ń kọrin. Á dákẹ́. Bí ọkàn aláìsàn bá ṣì lè dá lù díẹ̀, kò sí ewu ńlá. Ṣùgbọ́n bí ọkàn náà bá gbára lé ẹ̀rọ pátápátá, kò ní lù títí dókítà yóò fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì tó fi ń tan dáyátámì. Ẹni tó wà lójúfò á dákú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó ti sùn tẹ́lẹ̀. Ojú móníítọ̀ tó ń ya àwòrán iná ọkàn kò sì ní ranni lọ́wọ́, nítorí ariwo dáyátámì kan náà ti da àwòrán yẹn rú. Ohun tó ń sọ òótọ́ lásìkò yẹn ni ìgbì ẹ̀jẹ̀ tí ohun tí wọ́n fi há ìka aláìsàn ń fi hàn, tàbí ìka ọwọ́ ènìyàn lórí iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Ìka ọwọ́ kì í gba owó, kì í sì í béèrè iná. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà nínú tíátà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ nígbà tí dáyátámì bá ń dún.

Àwọn ewu mìíràn wà tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Iná náà lè mú kí ẹ̀rọ gbàgbé bí wọ́n ṣe tò ó, kó padà sí bí ó ṣe wà nígbà tó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Ó lè gba inú wáyà dé ara ọkàn, kó jó ojú ibi tí wáyà náà kàn, tí ẹ̀rọ kò fi ní lè mú ọkàn lù mọ́ bí ó ti yẹ.

Ẹ̀rọ kejì tí wọ́n ń fi sí àyà ni àwọn dókítà ń pè ní ICD. Ìrísí rẹ̀ jọ ti pésìmékà, ó sábà máa ń tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì lè ṣe iṣẹ́ pésìmékà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti máa ṣọ́ ọkàn tó lè ṣàdédé máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Bí ó bá rí i bẹ́ẹ̀, á ta iná ńlá sí ọkàn náà láti inú wá kó lè padà bọ̀ sípò. Michel Mirowski ló ronú kàn án lẹ́yìn tí irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ mú ọ̀gá rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi èyí àkọ́kọ́ sí ara ènìyàn ní Baltimore lóṣù Kejì ọdún 1980, ọdún kan náà tí wọ́n dá ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, UITH, sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ Christian Eriksen, ọmọ Dẹ́nmáàkì tó ṣubú lórí pápá ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2021. ICD ni wọ́n fi sí i láyà, tó fi padà sórí pápá fún Brentford àti Manchester United.

Bí ICD bá gbọ́ ariwo dáyátámì, kì í ṣe pé á dákẹ́ nìkan. Ó lè rò pé ọkàn ti ń gbọ̀n, kó sì ta iná sí ọkàn tí kò ní àìsàn kankan lásìkò yẹn. Ara aláìsàn á fò lábẹ́ ọ̀bẹ. Iná òjijì náà sì lè da ìlù ọkàn tó dára tẹ́lẹ̀ rú.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ le sí. Nínú tíátà, òòfà róbótó kan wà tí wọ́n lè gbé lé awọ lórí ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbé e lé pésìmékà, ẹ̀rọ á ṣíwọ́ títẹ́tí, á sì máa lu ọkàn ní iye kan pàtó, ì báà jẹ́ ariwo gba gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ pésìmékà ilé-iṣẹ́ Medtronic á máa lù ú ní ìgbà 85 ní ìṣẹ́jú kan, ti Boston Scientific ní ìgbà 100. Ọ̀pọ̀ ti Biotronik, bí wọ́n ṣe ń tò ó láti ilé-iṣẹ́, á ṣe é fún ìgbà 10 péré, lẹ́yìn náà á padà sí títẹ́tí bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòfà ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á gbé òòfà lé e, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ààbò náà ti kúrò.

Bí wọ́n bá sì gbé òòfà kan náà lé ICD, kò ní ta iná mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òòfà bá wà níbẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n apá tó ń ṣe iṣẹ́ pésìmékà nínú rẹ̀ kò ní yí padà rárá. Á ṣì máa tẹ́tí, ariwo á ṣì máa pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ní ICD, tí ọkàn rẹ̀ sì tún gbára lé ẹ̀rọ kó tó lè lù, òòfà kò lè gbà á. Àfi kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà tún un tò kí iṣẹ́-abẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan kì í bá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, èyí ni mo fẹ́ kí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro Ìlọrin mọ̀ kó tó lọ sùn lónìí.

Báwo wá ni a ṣe máa mọ èyí tó wà láyà aláìsàn? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í ló kọ́kọ́ ń fa ìṣòro. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ̀yin màmá, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Àrùn ọkàn ńkọ́?" Alhaja á dáhùn pé rárá, kò sì purọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i ni kò ti dákú mọ́. Lójú tirẹ̀, àrùn yẹn ti lọ. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: "Ǹjẹ́ wọ́n ti fi ohunkóhun sí yín lábẹ́ awọ rí?" Kí wọ́n sì wo àyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ìlọrin kò ní fẹ́ ṣí híjáàbù níwájú ọkùnrin, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Kí nọ́ọ̀sì obìnrin fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, kó wò ó, kó sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ èjìká méjèèjì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Gbogbo ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lára ló yẹ kó ní káàdì tí orúkọ ilé-iṣẹ́, irú ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i wà nínú rẹ̀. Káàdì máa ń sọnù, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sí ibi tí ọmọ kankan kò mọ̀. Bí kò bá sí, ẹ má sọ̀rètí nù. Àwòrán X-ray àyà lè sọ púpọ̀: wáyà ICD ní ibì kan tàbí méjì tó nípọn tó sì funfun gbòò lójú àwòrán, ti pésìmékà tẹ́ẹ́rẹ́ ni láti òkè délẹ̀. Nígbà mìíràn, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á hàn nínú àpò náà pẹ̀lú. Èyí kò ju ohun tí ilé-ìwòsàn tó ní X-ray lè ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ káàdì yìí á túbọ̀ ṣe pàtàkì ní ọjọ́ iwájú. Pésìmékà wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́dọ̀ wa, àwọn oníṣègùn kan ní Yunifásítì Michigan sì ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní My Heart Your Heart: wọ́n ń gba ẹ̀rọ lára àwọn tó ti kú pẹ̀lú àṣẹ ìdílé wọn, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí ẹni tí kò lówó lè lò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ènìyàn 298 ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà wà nínú wọn, ẹ̀rọ àlòkù náà kò sì rẹlẹ̀ sí tuntun. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní káàdì tuntun tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ń lò ó nísinsìnyí.

Bí iṣẹ́-abẹ kò bá jẹ́ pàjáwìrì, kí dókítà kàn sí àwọn tó fi ẹ̀rọ náà sí i lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Àdéhùn tí àwọn onímọ̀ ọkàn àti àwọn dókítà akunilóorun ní Amẹ́ríkà jọ ṣe ní ọdún 2011 ni pé kí wọ́n ti yẹ pésìmékà wò láàárín oṣù 12 tó ṣáájú iṣẹ́-abẹ, kí wọ́n sì ti yẹ ICD wò láàárín oṣù 6. Bí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà náà bá wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kó wá, ó sì ṣeé ṣe kí aláìsàn lọ bá a, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́-abẹ. Kí dókítà akunilóorun náà mọ̀ ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìṣọ́ ọkàn máa wà.

Ibi tí wọ́n fẹ́ gé lára náà ṣe pàtàkì. Ìdodo ni ààlà. Bí iṣẹ́ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíi ìpá, próstéètì tàbí eegun itan, tí pléètì sì wà ní itan, iná kò ní ìdí láti gba àyà kọjá, ewu náà sì kéré. Bí ó bá wà lókè ìdodo, ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́-abẹ gẹ̀gẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù: ọrùn súnmọ́ ẹ̀rọ náà pẹ́kípẹ́kí, gẹ̀gẹ̀ sì lẹ́jẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ pléètì mọ́ itan bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, tààrà gba orí ẹ̀rọ ni iná máa gbà. Èjìká òdìkejì ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí wáyà dáyátámì má sì gba orí àyà kọjá, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán sí ẹ̀rọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí dókítà má tẹ pẹ́dàlì ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì jẹ́ kí ọkàn lù díẹ̀ kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀mú oníka méjì dára ju gbogbo ìyẹn lọ. Òwú tí àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí fi ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ kí dáyátámì tó dé kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Próstéètì tí wọ́n ń gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé gé yàtọ̀ díẹ̀. Abẹ́ ìdodo ni, ṣùgbọ́n gígé náà máa ń pẹ́, ẹsẹ̀ kì í sì í fẹ́ kúrò lórí pẹ́dàlì. Irú ẹ̀rọ kan ti wà tó ń lo omi iyọ̀, tí iná rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ibi tó ti ń gé. Níbi tí èyí bá wà, òun ni kí bàbá tó ní pésìmékà béèrè fún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, tí ìfun ti bẹ́ tàbí tí aboyún ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sí àyè láti pe Èkó. Kí wọ́n ya àwòrán iná ọkàn, kí wọ́n gbé òòfà lé ẹ̀rọ, kí wọ́n sì wo ohun tí ìlù ọkàn ṣe kí ọ̀bẹ tó kan ara. Kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí láti ìta wà níbẹ̀, kí wọ́n ti lẹ pátákó rẹ̀ mọ́ àyà àti ẹ̀yìn aláìsàn, kí oògùn tó ń mú ọkàn yára sì wà nínú síríńjì.

Lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, ẹni tí wọ́n ti pa ICD rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú móníítọ̀ títí wọn yóò fi tún tàn án. Bó bá jẹ́ òòfà ni wọ́n lò, yíyọ rẹ̀ kúrò á mú un padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, kò ní tan ara rẹ̀, àfi kí ènìyàn tàn án. Kí ọmọ tó dúró ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti tan ẹ̀rọ àyà wọn padà?" kí wọ́n tó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí wọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá sì lo dáyátámì onípléètì lókè ìdodo, kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò láàárín oṣù kan, kí wọ́n kọ iye ọdún tó kù fún bátìrì àti bí wáyà ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fún aláìsàn ní ẹ̀dà kan láti fi pẹ̀lú káàdì rẹ̀.